Kí O Tó Ná Owó Àjọ Rẹ Lórí Lẹ́ńsì Gígùn

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Oṣù Kọkànlá.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo rí fọ́tò lẹ́ńsì mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí o ní kí n bá ọ yan ọ̀kan nínú wọn. Kí tìrẹ tó dé ni bàbá rẹ ti pè mí. Ó ní ọmọ òun fẹ́ kó owó àjọ lọ ra ohun tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ, pé kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ní màá bá ọ sọ̀rọ̀, àmọ́ n kò ní sọ pé kí o má rà á. Ẹni tó fi kámẹ́rà jẹun títí tó fi fẹ̀yìn tì kò lẹ́nu láti sọ irú ìyẹn fún ọmọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn Nikon 600mm f/4 tí kò ní súùmù. Nígbà tó jáde ní 2015, owó rẹ̀ ju dọ́là 12,000 lọ, ó sì wúwo tó kílò 3.8. Lẹ́ńsì gidi ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá ọ rù ú? Ẹranko kì í sì í dúró síbi kan náà dè wá. Bí àgbọ̀nrín bá jáde lójijì ní tòsí, ìwọ tí o di 600mm nìkan lọ́wọ́, etí rẹ̀ lo máa yà. Ó ku Nikon 200-500mm f/5.6 àti Sigma 150-600mm Contemporary. Èyíkéyìí tí o bá mú nínú méjèèjì, o kò ṣìnà. Ti Nikon ni èmi yóò mú bí mo bá wà nípò rẹ, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Àmọ́ kí o tó san kọ́bọ̀, mo fẹ́ kí o mọ ibi tí agbára irú lẹ́ńsì yìí mọ. Ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà Nikon D7500 rẹ kéré ju ti àwọn kámẹ́rà olówó ńlá lọ, ìyẹn ló mú kí 500mm máa ríran bíi 750mm lọ́wọ́ rẹ. Ó dùn ún gbọ́. Ó yá, bá mi ṣírò rẹ̀. Bí o bá na lẹ́ńsì náà dé 500 sí ohun tó wà ní mítà 100, ohun tí fọ́tò rẹ máa gbà láti apá ọ̀tún dé apá òsì kò tó mítà 5. Bí erin bá dúró níbẹ̀, ó ti kún fọ́tò nìyẹn. O ò ní ìdí kankan láti fi ẹsẹ̀ kan kún un, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o sún mọ́ ọn sí i, dá a padà sílé. Wàyí o, wá sí mítà 20. Níbẹ̀, fọ́tò náà kò fẹ̀ tó mítà kan. Lékeléke á gba bí ìdajì rẹ̀, ìyẹn dára. Ẹ̀gà ńkọ́? Gbogbo gígùn ẹ̀gà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Ní mítà 20 yẹn, kò ní gbà ju ìdá kan nínú márùn-ún fọ́tò lọ; ewé àti òfuurufú ni ìyókù. Kí ẹ̀gà tó lè gba ìdajì fọ́tò, o ní láti jókòó sí nǹkan bíi mítà 7 sí i.

Ṣé o rí i? Lẹ́ńsì tó jẹ́ kí o jìnnà sí erin kò yọ ọ́ nínú kí o sún mọ́ ẹ̀gà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rí àwọn ọkùnrin tó ń fi gígùn lẹ́ńsì díwọ̀n ara wọn lẹ́nu ọ̀nà igbó, tí ẹyẹ sì ti fò lọ nítorí ariwo ẹnu wọn. Wọ́n á ní àwọn máa gé fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà. Megapixel 20.9 ni D7500 ní. Gé e sí ìdajì ní gígùn, gé e sí ìdajì ní fífẹ̀, ohun tó kù kò ju nǹkan bíi 5 lọ, gbogbo àbùkù tó wà níbẹ̀ á sì yọ síta. Jíjókòó ni iṣẹ́ yìí, Àbẹ̀kẹ́. Bí ọdẹ ṣe máa ń gun igi kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò ní wúkọ́, tí kò ní lo lọ́fínńdà, tí ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe. Mọ igi tí ẹyẹ náà ń padà sí, mọ odò tí ẹranko ti ń mumi, kí o dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló rìn wá bá ọ, mítà 7 kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù kò ní bà á.

Má tíì rò ó dé ọgbà ẹranko Serengeti tí o ń sọ. Fi ohun tó wà lágbègbè rẹ kọ́ ọwọ́ ná. Ìsinsìnyí gan-an ni àwòdì ti padà dé sí ilẹ̀ wa, wọ́n á wà pẹ̀lú wa títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi máa parí. Wọ́n máa ń rà bàbà lókè ọjà, wọn kì í kánjú, kò sí ẹyẹ tó dára jù wọ́n lọ fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi lẹ́ńsì tẹ̀ lé ohun tó ń fò. Lékeléke náà ti dé pẹ̀lú funfun rẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń tọrọ. Funfun yẹn máa ń dààmú kámẹ́rà. Bí lékeléke bá dúró níwájú ewé dúdú, kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ìyẹ́ rẹ̀ á sì di funfun báláú tí o ò ní rí ìlà kan lára rẹ̀. Dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -1. Bí àwòdì bá wà lókè tí ojú ọ̀run mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó máa dúdú bí èédú. Fi +1 kún un. Ní Lekki Conservation Centre, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ mọ ènìyàn débi pé 200mm gan-an á ti gùn jù nígbà mìíràn. Bí o bá dé Ifẹ̀, àwọn àdán ńlá tó ń sùn lórí igi ní OAU máa ń gbéra nírọ̀lẹ́. Ìdánwò ńlá ni wọ́n jẹ́ fún ọwọ́ àti ojú.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló mú mi yan Nikon. Láti 200 dé 500, f/5.6 ló wà. Sigma á bọ́ sí f/6.3 bí o bá nà án dé òpin. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, àmọ́ nínú igbó ohun kékeré kò kéré. Ojú f/5.6 pàápàá kò fẹ̀: ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé ni lẹ́ńsì f/2.8 ń gbà. Igbó IITA níbí ní Ìbàdàn ṣókùnkùn lábẹ́ igi bí òòrùn tilẹ̀ ti là. Níbẹ̀, má bẹ̀rù ISO 3200, má bẹ̀rù 6400. Fọ́tò tó ní hóróhóró ṣeé tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó ṣe bàìbàì nítorí pé ẹyẹ mira kò ní àtúnṣe. Fún ọ̀bọ tó jókòó, ìyára 1/500 ìṣẹ́jú àáyá lè tó. Fún ohun tó ń fò, má lọ sísàlẹ̀ 1/2000. Àwọn tó ń ta ọjà á sọ fún ọ pé VR inú rẹ̀ á ṣe gbogbo ìyẹn. VR ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ rẹ kù ni, kò lè pàṣẹ fún ẹyẹ.

Ìdí kejì tí mo fi yàn án: bí o bá fẹ́ lọ sí kámẹ́rà Z ti Nikon lọ́jọ́ iwájú, wàá lè fi ohun ìsopọ̀ FTZ so ó mọ́ ọn, wàhálà ọjà mìíràn kò ní sí. Ohun tí mo kà sí àlèébù rẹ̀ ni ìwúwo, kílò 2.3, tí o kò tíì ka kámẹ́rà mọ́ ọn. Fi ọwọ́ òsì gbé e láti ìsàlẹ̀, kí o fún ìgúnpá mọ́ ìhà. Bí o bá wà nínú mọ́tò, ran àpò kékeré kan láti ara jíǹsì tó ti gbó, rọ ìrẹsì sínú rẹ̀, gbé e lé ojú fèrèsé, kí lẹ́ńsì sùn lé e. Ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Má bẹ̀rẹ̀ láti 500 rárá, torí wàá kàn máa wá ẹyẹ kiri ojú ọ̀run ni. Fi 200 rí i, mú un sí àárín, kí o tó nà án. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tó ní kó má wo ohun tó bá sún mọ́ ju mítà 6 lọ. Ó wúlò fún àwòdì, torí lẹ́ńsì náà kò ní máa ṣáko wá ìtòsí. Ṣùgbọ́n dá a padà sí FULL kí o tó lọ jókòó ti ẹ̀gà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ó bá sún mọ́ ọ ju mítà 6 lọ, wàá ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́.

Ọyẹ́ ń bọ̀ báyìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dára fún Old Oyo National Park, nítorí koríko á ti lọ sílẹ̀, ẹranko á sì máa wá síbi omi. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀, kìlómítà níbùú-lóòró 2,512, ohun tí o máa rí á sì máa jìnnà. Ibẹ̀ ni lẹ́ńsì gígùn ti ń fi ìwà rẹ̀ hàn: bó ṣe ń sọ ẹranko di ńlá náà ló ń sọ eruku àti ooru di ńlá. Bí òòrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹranko tó wà lọ́nà jíjìn á dàbí ohun tó wà lábẹ́ omi. Lẹ́ńsì olówó gọbọi kò ní ṣe é dáadáa jù tìrẹ lọ. Ya fọ́tò láàárọ̀ kùtùkùtù, sinmi lọ́sàn-án, má sì gbé lẹ́ńsì lọ fún àwọn alátùn-únṣe.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Bí o bá gbé e jáde láti inú yàrá tí AC ń ṣiṣẹ́, jẹ́ kó wà nínú báàgì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó ṣí i, kó má baà làágùn. Lẹ́ńsì tí a bá tì mọ́ inú wọ́dúròòbù l'Ékòó máa ń bu. Kó o sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò sílíkà kéékèèké. Ó máa ń gùn síta bí o bá nà án, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, nítorí náà nu ara rẹ̀ kí o tó dá a padà. Má fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Bí a bá rí ọ láti òkèèrè, ohun tí o gbé sójú yẹn lè jọ ìbọn. Má gbé e sókè nítòsí bárékè tàbí ibi tí àwọn ṣọ́jà ń dúró sí, má sì wọ igbó abúlé kan láìjẹ́ kí baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ ibẹ̀ mọ̀. Ọgbà IITA kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn lè wọ, gba àṣẹ. Má dá lọ síbikíbi. Ẹyẹ kan wà ní Ìbàdàn yìí, mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni, dúdú tó ní pupa lórí. Onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Elgood ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958, ó sì fi orúkọ ìlú wa pè é, Malimbus ibadanensis. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí o rí ìtẹ́ rẹ̀, padà sẹ́yìn. Bí ìyá ẹyẹ bá ń ké sí ọ, o ti sún mọ́ jù. Má sì kọ orúkọ ibi tí o ti rí i sórí Facebook. Bẹ́ẹ̀ náà ni igún. Láti 2015 ni wọ́n ti ka irú tiwa tó ń jẹ lẹ́bàá ilé ìpẹran mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kó parun láyé, àwọn tó ń wá orí rẹ̀ fún oògùn sì mọ bí a ṣe ń lo fóònù.

Tòkunbọ̀ ni kí o rà, tuntun kò pọn dandan. Mú kámẹ́rà tìrẹ dání lọ, so ó mọ́ ọn, ya nǹkan tó jìnnà ní 500 àti ní 200. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí o bá rí ohun tó ta bí òwú funfun lára gíláàsì rẹ̀, kí ọlọ́jà máa gbé ọjà rẹ̀ lọ. Ọ̀sán ni kí o lọ, kì í ṣe alẹ́. Kí o tó sanwó, pè mí kí èmi àti ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀. Màá pe bàbá rẹ fúnra mi.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.