Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Gbígbé Àwòrán Rásítà Kalẹ̀ Nínú R

Kíláàsì: Àwọn tó ti mọ `plot()` àti mátíríìsì lò
Àkókò: 40 ìṣẹ́jú

Ète ẹ̀kọ́
Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé àwòrán rásítà sórí gíráàfù R, kí ó sì lè dá ibi tí ẹ̀rọ ti fi àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n kún iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló jẹ mí lógún jù.

Ìfáàrà
Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí adé oníìlẹ̀kẹ̀ nítòsí rí. Ẹni tó sún mọ́ ọn ń rí ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Ẹni tó dúró lókèèrè ló ń rí ojú tí oníṣẹ́ ọnà fi síwájú adé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni rásítà rí: àwọ̀ tí a tò ní ìbú àti ní òró, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ píksẹ́lì. Iye ẹyọ tó bá ní náà ló ní, bó ti wù kí a fẹ̀ ẹ́ tó.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí
Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, ni Ross Ihaka àti Robert Gentleman ti ṣe R. Ọdún 2010, nínú ẹ̀dà 2.11.0, ni àṣẹ `rasterImage()` àti `grid.raster()` wọlé. Paul Murrell, tí òun náà jẹ́ ará Auckland, ṣàlàyé wọn nínú The R Journal ní 2011.

Ìgbésẹ̀ kìíní: àwọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ

`m <- matrix(c(0, 0.5, 1, 0), nrow = 2)`
`a <- as.raster(m)`
`a`

Òdo ni dúdú, ení ni funfun, ìdajì ni àwọ̀ eérú. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà òkè yóò jẹ́ `"#000000"` àti `"#FFFFFF"`. Ìlà ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ `"#808080"` àti `"#000000"`. Ẹ má kánjú kúrò níbí. Kí olúkúlùkù fi ìka tọ́ píksẹ́lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì dárúkọ àwọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe tò síbẹ̀ ni wọn yóò ṣe tò nínú àwòrán. Àṣẹ `image()` kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: ṣe ló ń yí mátíríìsì, tí ìlà òkè á fi bọ́ sọ́wọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti tìtorí èyí rò pé iṣẹ́ àwọn ti bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbígbé e kalẹ̀

`plot(0:1, 0:1, type = "n", asp = 1)`
`rasterImage(a, 0, 0, 1, 1)`

Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ni òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òkè, ní ìwọ̀n gíráàfù fúnra rẹ̀. Píksẹ́lì mẹ́rin ni wọ́n ń retí. Ohun tó dà bí kùrukùru ni wọn yóò rí. Ẹ̀rọ ti po àwọ̀ pọ̀ láàárín píksẹ́lì kan sí èkejì, nítorí `interpolate = TRUE` ló ń lò bí a kò bá sọ nǹkan kan. Kí wọ́n fi `interpolate = FALSE` kún un, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yọ kedere.

Ìjíròrò
`volcano` wà nínú R fúnra rẹ̀: gíga òkè Maunga Whau ní Auckland, ìlà 87 ní ìbú, 61 ní òró, àpapọ̀ 5,307 nọ́ńbà, mítà 10 sí mítà 10. Bí a bá jẹ́ kí ẹ̀rọ po àwọ̀ rẹ̀, òkè náà á dán, á wuni. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjì, ta ló gun ibẹ̀ wọ̀n ọ́n? Fọ́tò ènìyàn lè gba `TRUE`, kò burú. Ohun tí a wọ̀n, `FALSE` ni kí a fún un, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ ibi tí ìmọ̀ wa dé.

Iṣẹ́ àmúrelé
Gíga `volcano` bẹ̀rẹ̀ láti 94, ó parí sí 195. Ẹ lo èyí:

`v <- as.raster((volcano - 94) / 101)`

Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, `TRUE` àti `FALSE`, lórí ààyè tó fẹ̀ ní 61, tó ga ní 87, pẹ̀lú `asp = 1`. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí ààyè tó fẹ̀ ní 87, tó ga ní 61, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ihò orí òkè náà sílẹ̀.