Ewúro, Cholesterol àti Oògùn Màmá Àgbà



Nígbà ìsinmi àárín táàmù, nílé wa ní Ìlúpéjú níbí, mo rí ike oògùn Màmá Àgbà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Kò dín rárá! Dókítà ti ní cholesterol wọn ga, kí wọ́n máa lo hóró kan lálaalẹ́. Màmá ní, "Omi ewúro tí mò ń mu ti tó mi." Mi ò lè bá àgbà jiyàn, ni mo bá lọ bi tíṣà Báọ́lọ́jì wa.

Cholesterol jẹ́ ọ̀rá kan tí ara nílò. Òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tó ń bá wa da oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹran, ẹyin àti wàrà ló ń gbé ìyókù wá. Bí irú tí wọ́n ń pè ní LDL bá pọ̀ jù, á máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni, àfi ọjọ́ tí ọkàn tàbí ọpọlọ ò bá rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́.

Ewúro wá ńkọ́? Ó ní polyphenol, bíi ti orógbó, kòkó, tíì àti zóbò. Àwọn polyphenol kan lè dín cholesterol tó ń ti ìfun wọ ẹ̀jẹ̀ kù. Wọ́n tún lè dáàbò bo LDL kí oxygen má bà á jẹ́, bó ṣe ń mú irin dípẹtà.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn eku ní oúnjẹ tí cholesterol kún inú rẹ̀. Àwọn tó gba oje ewúro mọ́ ọn, cholesterol wọn wálẹ̀. Mo pariwo pé Màmá jàre! Tíṣà ní kí n tún un kà. Eku ni, kì í ṣe èèyàn. Methanol ni wọ́n fi fa oje náà, wọ́n sì wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fún wọn. Ife Màmá ò níwọ̀n. Ewúro tí a bá sì rà ní Ojúwòyè, tí a fọ̀ ọ́ títí ìkorò fi lọ, omi ti gbé púpọ̀ nínú polyphenol rẹ̀ dànù.

Wọ́n ti dán tíì aláwọ̀ ewé wò lára èèyàn: ó ń mú LDL wálẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Statin, irú oògùn Màmá, sábà máa ń dín in kù ní nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ṣàlàyé fún Màmá. Wọ́n ní, "Ṣé kí n da ewúro nù ni?" Rárá o! Ẹ máa fi se ọbẹ̀, ẹ dín ẹran ọlọ́ràá kù, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń mu ún, kí ẹ sì lo oògùn yín.

Wọ́n ti ń lò ó báyìí. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi àwọn àgbà ilé yín: níbo ni oògùn wọn wà?