Táǹkì tó ṣófo lè pani

Àgbẹ̀ kan ní agbègbè Kétu ní alùpùpù àtijọ́ kan. Ó fẹ́ tún un ṣe, kí ó lè máa fi gbé àgbàdo lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ìdí táǹkì rẹ̀. Ẹ̀sáǹsì ń jò. Ó fi ọṣẹ dí ihò náà. Ọṣẹ gbé e dé ilé, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó tún ń jò.

Ó gbé táǹkì náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jó irin.

— Àbúrò, bá mi jó o pa. Mo ti da ẹ̀sáǹsì inú rẹ̀ kúrò. Ó ti ṣófo.

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò nítòsí iná yìí. Èyí tó ṣófo yẹn gan-an ló ń pani.

Kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀sáǹsì máa ń di afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí. Òórùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ yìí ni iná ń mú. Bí a bá da ẹ̀sáǹsì kúrò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì kù nínú táǹkì. Bí iná kékeré bá ta sí i, táǹkì á bú gbàù bí ìbọn.

Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Ẹ da ẹ̀sáǹsì náà sínú agolo onídèérí, ní ìta gbangba. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Kí iná ìdáná jìnnà. Ẹ má fi ẹnu fa ẹ̀sáǹsì.

2. Ẹ tú táǹkì kúrò lára alùpùpù. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ omi ọṣẹ náà, kí ẹ mì í dáadáa, kí ìpẹtà lè ṣí. Ẹ kó gbogbo òkúta náà jáde. Ẹ má da omi yìí sí odò tàbí sí ẹ̀bá kànga.

3. Bí ihò bá kéré, ẹ ha ọ̀dà ojú rẹ̀ kúrò títí irin yóò fi dán. Ẹ fi àtè irin alápò méjì dí i. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí 24.

4. Bí ihò bá tóbi, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kí ó jó o. Àní bí òórùn bá ti lọ, ẹ rọ omi kún táǹkì títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kan ojú ihò. Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀.

5. Ẹ fi omi dán an wò. Bí kò bá jò, ẹ da omi nù, kí ẹ sá a sí oòrùn títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó rọ ẹ̀sáǹsì sí i.

Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì gbé ẹ̀sáǹsì mì, ẹ má ṣe mú un bì, nítorí ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àgbẹ̀ wa gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó gbé táǹkì padà sílé, ó lọ gbé omi kaná.

Ìbéèrè

1. Kí ló kù nínú táǹkì tó ṣófo?
2. Kí nìdí tí a fi ń rọ omi sí i kí a tó jó o?
3. Ní abúlé yín, ibo ni ẹ ń gbé ẹ̀sáǹsì sí? Ǹjẹ́ ó jìnnà sí ibi ìdáná?