Ọbẹ̀ Adìẹ Mi Ń Ṣàn Bí Omi Nínú Slow Cooker

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester, ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí n tó wọlé. Ọkọ mi wá ra slow cooker kan, ìkòkò iná mànàmáná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kí ọbẹ̀ lè máa jinná dè mí. Láàárọ̀, mo máa ń kó adìẹ, ata lílọ̀, òróró, kọ́rì, táìmù àti iyọ̀ sínú rẹ̀, mo sì máa ń bu ife omi kan sí i. Tí mo bá fi máa dé lẹ́yìn wákàtí 10, ọbẹ̀ á máa ṣàn, á máa kan, adìẹ á sì ti fọ́ yángá. Báwo ni ata tó wà lórí iná láti àárọ̀ dalẹ́ ṣe tún lè dà bí ata tí kò jinná?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ó yẹ kó rú ènìyàn lójú lóòótọ́ pé wákàtí 10 kò lè ṣe ohun tí gáàsì ń ṣe láàárín wákàtí kan. Ọwọ́ yín mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè, ẹ̀rọ yín náà ò sì bàjẹ́. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọbẹ̀ ata: ká dín ata, ká sì se ẹran. Slow cooker mọ ìkejì dáadáa. Kò mọ àkọ́kọ́ rárá.

Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì pọ̀ nínú ata, ata náà kò lè gbóná ju omi híhó lọ, ìyẹn nǹkan bíi 100°C. Ìgbà tí omi bá gbẹ ni òróró tó ń ráyè gbóná kọjá ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni àlùbọ́sà ń dùn, tí kíkan tòmátì ń rọlẹ̀, tí òróró ń léfòó, tí gbogbo àdúgbò sì ń mọ̀ pé ẹnìkan ń dín ata. Slow cooker kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ débẹ̀. Ooru rẹ̀ kéré, omi tó bá sì gbéra nínú ọbẹ̀ á lu ọmọrí, á tún kán padà sínú rẹ̀. Adìẹ pàápàá ń tú omi tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún wá bu ife kan lé e.

Nítorí náà, ẹ dín ata yín ṣáájú, lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ ìsinmi. Fún adìẹ kan, tàtàṣé 4, tòmátì 2 péré, àlùbọ́sà ńlá 2, àti rodo bí ẹnu yín bá ṣe gbà á. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó da òróró sí i, kí ẹ sì dín in títí òróró yóò fi yọ sókè. Ẹ gbé e sí fíríìjì. Láàárọ̀, ẹ dà á lé adìẹ lórí, ẹ má fi omi sí i rárá. Àwọn kan á ní kí ẹ kàn ṣí ọmọrí sílẹ̀ kí omi lè fà. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn: ooru ẹ̀rọ náà ò tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti fífọ́ ẹran, adìẹ súpámákẹ́ẹ̀tì kò tíì gbó. Wákàtí 4 sí 6 lórí ooru kékeré ti tó itan rẹ̀. Àyà ò tiẹ̀ fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra àgbébọ̀, adìẹ líle tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé wa. Òun ni wákàtí 10 yẹ. Iṣan rẹ̀ tó yi á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn gan-an á sì mú kí ọbẹ̀ ki. Àmọ́ ẹ má gbé adìẹ tó ṣì dì gbagidi síbẹ̀, torí ó máa pẹ́ jù kó tó gbóná, kòkòrò àìfojúrí á sì ráyè gbèrú. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì mọ́jú.

Èyí tó ti ṣomi nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Ẹ kó adìẹ kúrò, ẹ da ọbẹ̀ náà sínú ìkòkò tó fẹ̀ lórí gáàsì, ẹ má dé e, kí ẹ dín in títí òróró yóò fi léfòó. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò, torí bó ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ ń hàn sí i, kí ẹ sì kó adìẹ padà sí i.