Òrùlé Ni Kó O Náwó Sí, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o ti pinnu pé ewúrẹ́ àti àgùntàn rẹ kò ní máa rù mọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, koríko tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Èyí tó bá kù ti gbó, ó ti le, iná ìgbẹ́ sì lè jó o tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹni tó ti gé eruwà tirẹ̀, tó sá a, tó dì í, tó sì rí ibi gbígbẹ kó o sí, ọkàn tirẹ̀ balẹ̀. Ibi gbígbẹ yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn obìnrin tó ń sin ẹran ń náwó síbi tí kò yẹ. Wọ́n á mọ ògiri búlọ́ọ̀kù yíká, wọ́n á ṣe ilẹ̀kùn, wọ́n á ra àgádágodo, owó á sì tán kí wọ́n tó dé òkè. Koríko ò fẹ́ yàrá. Òrùlé tí kò jò, ìsàlẹ̀ tí kò rin, àti atẹ́gùn ló fẹ́.

Má tíì pe bíríkìlà o. Ka ẹran rẹ ná. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa tó wọn kílò 25 lè jẹ tó kílò kan oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́. Bó o bá ní 10, tó o sì fẹ́ fi koríko náà bọ́ wọn fún ọjọ́ 120, kílò 1,200 nìyẹn. Ní ti dídì, àpótí onípákó tó ṣí lókè ṣí nísàlẹ̀ ti tó: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 85, ìbú rẹ̀ 55, jíjìn rẹ̀ 45. Bó o bá ki koríko sínú rẹ̀, tó o fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó o tó fi okùn dì í, ìdì kan á tó bíi kílò 20. Ìdì 60 ni ìṣirò wí, àmọ́ ṣe ju 70 lọ, torí ẹran á tẹ díẹ̀ mọ́lẹ̀, díẹ̀ á sì bàjẹ́. Ilé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 14, á gbà á wẹ́rẹ́: ìdì 18 ní ipele kan, ipele 4 sókè, àyè á sì ṣẹ́ kù tí wàá máa gbà kọjá.

Orí ilẹ̀ tó ga ni kó o kọ́ ọ sí, kí ọ̀gbàrá má bàa gbabẹ̀. Jẹ́ kó jìnnà sí ilé tẹ́ ẹ̀ ń sùn àti sí ọgbà ẹran. Bó o bá ní ààyè, fún un tó mítà 30. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, ro yíká rẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ kedere, torí àwọn ọdẹ tó ń finá lé òkété kò mọ̀ pé koríko rẹ wà níbẹ̀. Òjò oníjì wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà fi páànù gbá ìhà ibẹ̀ nìkan, kó o sì ṣí ìyókù sílẹ̀.

Ikán ni ọ̀tá tó tẹ̀ lé omi. Igi tíìkì dára fún òpó, ṣùgbọ́n má rì í mọ́ ilẹ̀ lásán. Gbé e lé orí kọnkéré tó yọ sókè, kó o lè máa rí ọ̀nà ikán bó bá fẹ́ gùn ún. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kun òpó. Èmi ò fara mọ́ ọn níbi tí oúnjẹ ẹran wà, májèlé ni. Má sì jẹ́ kí ìdì kankan fara kan ilẹ̀. Tẹ́ igi sísàlẹ̀, tàbí pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rù, kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, òrùlé. Ra páànù tó nípọn, jẹ́ kó yọ kọjá òpó ní ẹsẹ̀ bàtà méjì yíká, kó o sì gbé e ga débi pé ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta á wà láàárín rẹ̀ àti ìdì tó wà lókè pátápátá. Ooru gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde.

Gbọ́ èyí dáadáa, torí wọn kì í sọ ọ́ fún èèyàn: koríko tí kò gbẹ tán máa ń gbóná fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tá a bá ti tò ó. Bí ooru ò bá rí ibi gbà, ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Kó o tó dì í, mú ẹ̀kúnwọ́ kan, lọ́ ọ. Bó bá ń dún, tó ń ṣẹ́, tí ọ̀rinrin kankan kò sì hàn níbi oríkèé igi rẹ̀, ó ti gbẹ. Lẹ́yìn tó o bá ti tò ó, láàárín oṣù kan àkọ́kọ́, máa ki irin gbọọrọ kan bọ àárín rẹ̀, fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó o fà á yọ. Bí irin náà bá gbóná débi tí ọwọ́ ò lè dì í mú, pe èèyàn, ẹ pọn omi sítòsí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde, torí atẹ́gùn tó bá ṣàdédé kàn án lè mú un jó. Ìdì tó ti bu, má fún aboyún ẹran jẹ, kódà bí oúnjẹ bá ti ń tán.

Má kó bẹntiróòlù, ajílẹ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ sínú ilé koríko náà.

Jọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Nígbà tí eruwà bá máa yọ òdòdó, kí páànù ti wà lórí.