Lu, Lù àti Gbẹ́: Orúkọ Tó Yẹ Irin Tí A Fi Ń Dá Nǹkan Lu

"Lọ mú bíìtì wá, kí o bá mi dírílì ògiri yìí." Irú gbólóhùn tí ọ̀gá ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ ní Ìlasà-Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìsẹ̀. Ọmọ dé ìdí àpótí irinṣẹ́, ó bá oríṣiríṣi bíìtì níbẹ̀, ó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ti irin ló mú. Kò pẹ́ tó fi kan kọ́ńkéré tí ẹnu rẹ̀ fi kú. Wọn á ní ọmọ ò gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán an gan-an ni kò kún tó. Ọ̀rọ̀ tó kún wà nínú èdè wa. A kàn ń fi sílẹ̀ ni.

Ká mú ọ̀rọ̀-ìṣe ná. Lu tó ní ohùn àárín ni ká dá ihò sí nǹkan. A ń lu etí ọmọbìnrin. Olè ń dá ògiri lu. Bí àṣírí bá bọ́ sẹ́nu ayé, a ní ó ti lu síta. Lù tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ni ká na nǹkan tàbí ká gbá a. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ohùn ìsàlẹ̀ ara ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e: a ní "ó rà á", ṣùgbọ́n "ó ra aṣọ" la ń wí. Nítorí náà, "ó lu ògiri" lè jẹ́ pé ó gbá ògiri, ó sì lè jẹ́ pé ó dá ihò sí i. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ dán an wò, á yé yín: "ó lù ú" ni ti gbígbá, "ó lu ú" ni ti ihò. Ìdánwò yìí náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé lù ló wà nínú lu jìbìtì, torí "wọ́n lù ú ní jìbìtì" ni gbogbo ayé ń wí. Ẹni tó ń kọ̀wé tí kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣi òun gbọ́, kó kọ "dá ògiri lu" tàbí "lu ihò sára ògiri".

Gún tó jọ wọ́n náà ò le láti mọ̀: abẹ́rẹ́ ń gún ara, ẹ̀gún ń gún ẹsẹ̀. Gbẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́ ń dà pọ̀ mọ́ lu. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ilẹ̀kùn náà dé ibi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, British Museum ló sì wà dòní. Kò sí Yorùbá tó máa sọ pé Ọlọ́wẹ̀ lu ilẹ̀kùn. Ó gbẹ́ ẹ ni: ó ń mú igi kúrò lára igi títí àwòrán fi jáde. Gbẹ́ yìí ló wà nínú gbẹ́nàgbẹ́nà. Òun náà la fi ń sọ̀rọ̀ kànga, tí àwọn èèyàn sì fi ń sọ ti bòhóòlù. N kò rí àṣìṣe nínú ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lílu gan-an ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe nínú àpáta Èkìtì.

Bí lù ṣe bí ìlù, bẹ́ẹ̀ náà ni lu bí ìlu, irin tí a fi ń lu nǹkan. Kì í ṣe ìlú tí à ń gbé, kì í ṣe ìlù tí à ń jó sí. Kí dírílì máa jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ tí iná ń yí, irú èyí tí ilé iṣẹ́ C. & E. Fein ṣe ní Stuttgart, ní Jámánì, ní 1895. Irin tí à ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìlu ni. Ohun tó ń lu ni kí a fi pè é: ìlu igi, ìlu irin, ìlu ògiri, ìlu táìsì.

Ìlu igi ní ṣóńṣó kékeré láàárín ẹnu rẹ̀, òun ló ń di ojú ibi tí a fẹ́ lu mú kó má baà yọ̀ lórí pákó líle bí ìrókò. Kí ó tó lujá, ẹ fi ègé pákó mìíràn ti ẹ̀yìn pákó náà, kí ìsàlẹ̀ má baà ya.

Lára ìlu irin, ẹ óò rí lẹ́tà HSS, ìyẹn high-speed steel. Igun ẹnu rẹ̀ máa ń jẹ́ ìwọ̀n dígírì 118 tàbí 135; 135 ló dára fún irin líle. Ẹ kọ́kọ́ fi òòlù àti irin ṣóńṣó sàmì sí ojú ibẹ̀, ẹ kán òróró sí i, kí ẹ̀rọ sì máa rọra yí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ìlu irin lè lu igi o, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé ògiri.

Ìlu ògiri ni wọ́n ń ṣì lò jù. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa: ó fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, ohun mìíràn ni wọ́n sì fi jó mọ́ ọn. Tungsten carbide nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Krupp ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1926, wọ́n sọ ọ́ ní Widia, èyí tí wọ́n gé kúrú láti inú "bíi dáyámọ́ńdì" ní èdè wọn. Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ ni pé òkúta gírànáìtì, irú èyí tó kún Ìkẹ́rẹ́, ló wà nínú kọ́ńkéré, quartz sì wà nínú gírànáìtì. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, 7 ni quartz. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á họ ẹnu ìlu irin dànù kíákíá. Nídìí kọ́ńkéré, ẹ yí ẹ̀rọ sí ibi tó ti ń gbá, kí lù àti lu jọ ṣiṣẹ́: ó ń lù ú, òkúta ń rún, ó ń lu ú, ihò ń jìn. Ẹ máa fà á jáde lóòrèkóòrè kí eruku lè dà nù. Bó bá kan irin inú òpó, ẹ dúró. Ẹnu rẹ̀ kì í gé irin, ṣe ni yóò máa gbóná títí orí tí wọ́n jó mọ́ ọn yóò fi bọ́.

Ní ti táìsì, ẹ pa gbígbá ẹ̀rọ, kó máa yí nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táìsì á sán. Ìlu tó ní dáyámọ́ńdì lẹ́nu ló dára jù fún èyí tó le gan-an, torí 10 ni dáyámọ́ńdì lórí òṣùwọ̀n Mohs. Omi ni kí ẹ máa fi tù ú.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, "Mú ìlu ògiri wá, ká dá a lu." Ẹ pín àpótí sí mẹ́rin, ẹ kọ orúkọ ìlu kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn.