Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: Ẹ̀JẸ̀ RÍRU TÍ Ẹ̀RỌ APÁ KÒ LÈ RÍ

Gbogbo wa la mọ ẹ̀jẹ̀ ríru tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n ní apá. Òmíràn tún wà tí ẹ̀rọ yẹn kò lè fi hàn: ti inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó yẹ kí ẹni tó ní lupus mọ̀ nípa rẹ̀.

Lupus kì í ràn, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kó máa lé àrùn ló yíjú padà sí ara fúnra rẹ̀, bí ọdẹ tí a gbà síṣẹ́ tó wá ń yìnbọn sí onílé. Nínú ẹni 10 tó ní i, bíi 9 ló jẹ́ obìnrin, ó sì ń mú aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ.

Ìka ọwọ́ lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ bá kan omi tútù, tàbí tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á fún pọ̀, ìka á funfun, á dà bí aró, kó tó pọ́n. Dókítà Faransé kan, Maurice Raynaud, ló kọ̀wé lé e lórí ní 1862. Lára tiwa tó dúdú, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ tí èyí ń ṣe kò ní lupus rárá, nítorí náà ẹ má jáyà.

Ti ẹ̀dọ̀fóró ló le. Apá ọ̀tún ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀, kò sì lágbára bíi ti òsì. Ìwọ̀n ibẹ̀, bí a bá dá a sí àárín, jẹ́ bíi 14. Bó bá ju 20 lọ nígbà tí èèyàn sinmi, ó ti ga jù. Lupus lè mú kí ògiri iṣan ibẹ̀ nípọn, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀ kó lọ dí i. Ọkàn á máa ti ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ títí yóò fi wú. Síbẹ̀, ti apá lè jẹ́ 120 lórí 80 géérégé!

Onítọ̀hún á máa mí gúlegúle bó bá gun òkè, á máa rẹ̀ ẹ́, kókósẹ̀ á wú, ó tilẹ̀ lè dákú. Àwọn kan á ní ásímà ni, àwọn mìíràn á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ló ń bá a jà. Kí àwa náà tó bu owó ìtanràn lé ẹni tó pẹ́ lórí àtẹ̀gùn ìpàdé, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Ẹ bi dókítà pé, "Ẹ̀dọ̀fóró mi ńkọ́?" Àyẹ̀wò echo, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe láti ìta àyà, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fura, wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé ọkàn láti wọ̀n ọ́n gan-an. Òògùn wà: Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bosentan ní 2001, ó sì fọwọ́ sí sildenafil fún un ní 2005. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọkùnrin ń rà ní kọ̀rọ̀ náà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì fúnra yín lò ó, torí òun àti àwọn òògùn àyà kan lè pààyàn bí wọ́n bá pàdé. Oyún léwu púpọ̀ fún ẹni tí tiẹ̀ bá ti ga. Kí tọkọtaya kọ́kọ́ rí dókítà.